Ṣé O Mọ̀? Ìbọn Afẹ́fẹ́ Kan Ṣoṣo fún Ọdẹ àti fún Ìdíje

"Èwo ni mo lè rà tí màá fi ṣọdẹ ehoro, tí màá tún fi díje?" Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn afẹ́fẹ́ ní Ìlú Ọba kọ́kọ́ máa ń bi olùtajà nìyẹn. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn sì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ara páálí ìbọn lo ti máa kà á. Mú àwọn kókó wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí owó tó jáde lápò rẹ.

Ìbọn tí kì í lo ẹ̀tù

Ṣé o mọ̀ pé ó ti lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn tí kì í lo ẹ̀tù rárá? Ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1580 ṣì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Livrustkammaren ní Stockholm, olú-ìlú Sweden.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun ti gbé ìbọn afẹ́fẹ́ lọ sójú ogun rí? Bartolomeo Girardoni ló ṣe é, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Austria sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní nǹkan bí ọdún 1780. Nígbà tí àwọn tó ń lo ìbọn ẹlẹ́tù ṣì ń ki ọta kọ̀ọ̀kan látẹnu ìbọn, ti Girardoni ń gba 20 ọta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ìbọn náà ni ìgò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó gbà tó 1,500 ìgbà tí ọmọ ogun máa fi ọwọ́ fún páńpù kí ìgò náà tó kún.

Ṣé o mọ̀ pé Meriwether Lewis gbé ìbọn afẹ́fẹ́ dání nígbà tí òun àti William Clark la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láàárín ọdún 1804 sí 1806? Níbi tí wọ́n bá ti pàdé àwọn onílẹ̀, ó máa ń yìn ín níwájú wọn kí wọ́n lè fojú ara wọn rí ìbọn tó ń pa nǹkan láìsí èéfín.

Ṣé o mọ̀ pé Birmingham ni ìbọn afẹ́fẹ́ òde òní ti gbilẹ̀ ní Ìlú Ọba? Lincoln Jeffries ló ṣe àwòṣe rẹ̀, ilé iṣẹ́ BSA sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní 1905.

Góòlù kò sọ ọ́ di ìbọn ọdẹ

Ṣé o mọ̀ pé Òlíḿpíìkì ọdún 1984 ní Los Angeles ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìbọn afẹ́fẹ́ díje? Mítà 10 ló wà láàárín olùdíje àti àmì. Láti Beijing ní 2008 títí dé Paris ní 2024, ìdíje oní mítà 10 yìí ni góòlù àkọ́kọ́ Òlíḿpíìkì kọ̀ọ̀kan ti jáde, ìgbà márùn-ún léraléra.

Ṣé o mọ̀ pé ojú àmì tó ní máàkì 10 nínú ìdíje yẹn kò ju ìdajì mìlímítà lọ? Ọta tí wọ́n ń ta sí i fẹ̀ tó mìlímítà 4.5, ìlọ́po mẹ́sàn-án ojú àmì náà. Ọgọ́ta ọta ni olùdíje máa ń ta kí wọ́n tó mọ ẹni tó yege lọ sí ìpele tó kẹ́yìn, ẹni tó bá sì tàsé díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lè ti bọ́ sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìdíje yìí ló fún Íńdíà ní góòlù àkọ́kọ́ tí ẹnì kan dá gbà fún un ní Òlíḿpíìkì? Abhinav Bindra ló gbà á, ní Beijing, lọ́dún 2008.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn tó ń gba góòlù bẹ́ẹ̀ kò dára fún ọdẹ? Òfin ìdíje gbà kí ó wúwo tó kìlógíráàmù 5.5. Gbé irú rẹ̀ kiri ẹ̀gbẹ́ igbó fún wákàtí mẹ́ta, apá rẹ yóò ti máa gbọ̀n kí ehoro tó yọjú. Agbára ọta rẹ̀ wà ní nǹkan bí joule 7.5, èyí tó tó láti lu bébà ṣùgbọ́n tó kéré jù láti pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fi ojú ìbọn Òlíḿpíìkì wá tirẹ̀.

Agbára: òfin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ṣé o mọ̀ pé ní England àti Wales, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ya ìbọn tí o lè rà kúrò lára èyí tó nílò àṣẹ ọlọ́pàá? Nọ́ńbà náà ni 12 ft-lb, ìyẹn joule 16 àti díẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀n lẹ́nu ìbọn. Ẹni tó ti pé ọdún 18 lè ra èyí tí kò kọjá bẹ́ẹ̀ láìní ìwé àṣẹ. Bó bá fi díẹ̀ kọjá, ìwé àṣẹ di dandan, àìní rẹ̀ sì lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tú ìbọn láti fi kún agbára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òfin náà yí padà bó o bá ti kọjá sí Scotland? Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2016 ni gbogbo ẹni tó bá ní ìbọn afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ní Northern Ireland, èyí tó bá ti ju joule 1 lọ ti nílò ìwé. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Manchester tó fẹ́ lọ ṣọdẹ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Glasgow gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó gbé ìbọn sínú mọ́tò.

Ṣé o mọ̀ pé Jámánì le ju bẹ́ẹ̀ lọ? Joule 7.5 ni òpin ìbọn tí àgbàlagbà lè rà níbẹ̀ láìní ìwé, wọ́n sì máa ń fín lẹ́tà F sí i lára láti fi hàn pé ó bá òfin mu.

Ṣé o mọ̀ pé joule 16 yẹn tó fún ọdẹ kékeré àti fún ìdíje lórí pápá? Àwọn tó ń fi í díje ń fi í ta àmì irin ṣubú ní mítà 50. Àwọn ọdẹ ń fi í pa ehoro ní mítà 30. Ohun tó sábà máa ń kù díẹ̀ káàtó ni ọwọ́ ẹni tó di ìbọn náà mú.

Ọta kékeré àbí ọta ńlá?

Ṣé o mọ̀ pé fífẹ̀ ọta méjì ló gba ọjà? Èkíní ni mìlímítà 4.5, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní .177. Èkejì ni mìlímítà 5.5, tí wọ́n ń pè ní .22. Ti 6.35 náà wà, ṣùgbọ́n àárín méjì àkọ́kọ́ yẹn ni àríyànjiyàn wà.

Ṣé o mọ̀ pé agbára kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sáré bákan náà? Ọta 4.5 tó wọ́pọ̀ wúwo tó ìdajì gíráàmù; pẹ̀lú agbára tí òfin gbà, ó ń sá tó mítà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta 5.5 tó wọ́pọ̀ wúwo tó gíráàmù kan. Mítà 175 ni òun ń sá.

Ṣé o mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí ń ṣe sí ọta kó tó dé ibi tó ń lọ? Gbogbo ọta ló ń já wálẹ̀ láti ìgbà tó bá ti kúrò lẹ́nu ìbọn. Bí a bá fi ìṣirò wò ó, láì tíì ka ìdádúró tí afẹ́fẹ́ ń fà, ọta 4.5 yóò ti já wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14 nígbà tó bá fi dé mítà 40. Ọta 5.5 yóò ti já tó 26. Ẹni tó bá ṣi ọ̀nà jíjìn wò pẹ̀lú ọta 4.5, tó ka mítà 35 sí 30, ṣì lè bá ibi tó fẹ́. Ẹni tó bá ṣi í wò pẹ̀lú 5.5 lè ta ẹsẹ̀ ehoro dípò orí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé 4.5 ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń díje lórí pápá ń lò.

Ṣé o mọ ohun tí 5.5 fi ju ìkejì rẹ̀ lọ? Ó ń dá ojú ọgbẹ́ tó fẹ̀ jù sára ẹran, ó sì ń gbé agbára rẹ̀ sílẹ̀ sára ẹran náà kíákíá. Ó tún tóbi tó láti fi ìka tútù mú lọ́jọ́ òtútù, ohun tí ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fojú kékeré wò ní oṣù Kìíní.

Ìdájọ́ mi rèé: bó bá jẹ́ pé ìdíje ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tó o fẹ́ fi ìbọn náà ṣe, ra 4.5. Bó bá jẹ́ ọdẹ nítòsí ni, 5.5 dára. Bó bá jẹ́ ọgbọọgba, 4.5 ni kó o mú, nítorí pé ọta tó bá ibi tó yẹ ló ń pa ẹran.

Má ṣe gba ọ̀rọ̀ páálí gbọ́

Ṣé o mọ̀ pé ìyára ńlá tí wọ́n ń kọ sára páálí ìbọn, bíi 1,250 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe ohun tí wàá rí bó o bá délé? Ọta irin fúlẹ́fúlẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n. Fi ọta òjé gidi sí i, iye náà á wálẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìyára tó pọ̀ jù ń ba ọta jẹ́? Ohùn ń rìn tó mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọta ìbọn afẹ́fẹ́ bá sún mọ́ iye yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń là kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín, á máa yí gbirigbiri, kò sì ní í lọ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Olùtajà tó bá ń fi ìyára nìkan pọ́n ìbọn rẹ̀ kò tíì sọ ohun kan fún ọ nípa bó ṣe ń bá àmì.

Kí ló ń ti ọta jáde?

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn onísípíríǹgì kò ní afẹ́fẹ́ kankan nínú ìgò? Bó o bá ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sísàlẹ̀, tàbí tó o fa apá tó wà lábẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì ńlá kan ló ń sún sẹ́yìn tí ó sì há síbẹ̀. Bó o bá fa tírígà, sípíríǹgì náà á ti písítìn síwájú, písítìn á fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ á sì ti ọta jáde. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìbọn, kò sí páńpù, kò sí ìgò, o lè máa yìn ín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé irú ìbọn yìí ń ta ní ọ̀nà méjì? Bí písítìn ṣe ń sá síwájú, ìbọn á ta sẹ́yìn; bí písítìn bá ti dúró gbọngbọn, ìbọn á tún ta síwájú, gbogbo rẹ̀ kí ọta tó kúrò nínú ọ̀pá. Ẹni tó bá dì í mú gan-in gan-in, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ ni ọta yóò yà sí. Fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e, má ṣe fi ìka fún un, jẹ́ kí ó mì bó ṣe fẹ́ mì, kí o sì máa gbé e síbi kan náà nígbà gbogbo.

Ṣé o mọ̀ pé ìtasíwájú yẹn ti fọ́ ọ̀pọ̀ awò olówó ńlá tí wọ́n gbé lé ìbọn láti fi wo àmì? Awò tí wọ́n ṣe fún ìbọn ẹlẹ́tù mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ìtasẹ́yìn nìkan. Ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì.

Ṣé o mọ̀ pé òróró tó o bá kán sí iwájú písítìn lè gbiná? Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ lójijì máa ń gbóná gan-an, òróró tó bá wà níbẹ̀ á sì jó, ọ̀nà kan náà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ láìní plọ́ọ̀gì. Èéfín á yọ lẹ́nu ìbọn, ariwo á pọ̀, ọta á ṣìnà, rọ́bà tó dí písítìn á sì bàjẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìka lè ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ki irú ìbọn yìí? Bó o bá ti ṣẹ́ ọ̀pá sísàlẹ̀, fi ọwọ́ kan di ọ̀pá náà mú ṣinṣin títí tí ọwọ́ kejì fi ki ọta tán tí o sì ti dá ọ̀pá padà. Bí tírígà bá já nígbà tí ìka wà ní ẹnu ihò, ọ̀pá irin yóò fò padà sórí rẹ̀. Má sì ṣe fa tírígà láìsí ọta nínú rẹ̀, nítorí pé písítìn tí kò rí ohun tó dá a dúró á lu irin.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn oní-ìgò, tí wọ́n ń pè ní PCP, ń gbé afẹ́fẹ́ bar 200 dání? Táyà mọ́tò rẹ kò ju bar méjì àti díẹ̀ lọ. Ìgò àwọn òmùwẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ afẹ́fẹ́ sí i, tàbí páńpù ọwọ́ alágbára. Kì í ta bíi ti onísípíríǹgì, ó dákẹ́, ó sì rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi bá àmì. Ìnáwó rẹ̀ ló pọ̀, nítorí pé ìbọn nìkan kọ́ lo máa rà.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán nìkan ló yẹ kó wọ inú ìgò yẹn? Ẹni tó bá rọ ọ́síjìn ti ilé ìwòsàn tàbí ti wẹ́dà sí i ń pe ikú. Ọ́síjìn tó há, tó bá fara kan òróró díẹ̀, lè bú gbàù lójú ẹni.

Ṣé o mọ̀ pé òtútù ń gba agbára lọ́wọ́ ìbọn oní gáàsì CO2? Nígbà tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 20, gáàsì náà ń ti ọta pẹ̀lú bar 57. Bí òtútù bá dé ìwọ̀n òdo, ó di bíi bar 35. Ìbọn tó bá àmì ní oṣù Keje lè tàsé ní oṣù Kejìlá. Ìdánrayá nínú ilé ló tọ́ sí, kò tọ́ sí ọdẹ.

Ìbọn tó bá ara rẹ mu

Ṣé o mọ̀ pé tírígà ṣe pàtàkì ju agbára lọ? Tírígà tó dára máa ń ní ìpele méjì: ìka á kọ́kọ́ fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ títí tí yóò fi bá ibi tó le, níbẹ̀ ni wàá dúró sí, wàá wo àmì dáadáa, díẹ̀ péré sí i ni ìbọn á fi dún. Èyí tí Weihrauch ti Jámánì ń ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rekord, gbajúmọ̀ nítorí pé o lè yí i títí tí yóò fi bá ìka rẹ mu. Tírígà tó le jù á fa ìbọn kúrò lójú àmì kí ọta tó jáde.

Ṣé o mọ̀ pé o lè wọn gígùn ìbọn sí ara rẹ ní ṣọ́ọ̀bù? Ká apá rẹ, fi ìdí ìbọn ti kọ̀rọ̀ ìgúnpá, kí o wò ó bóyá ìka ìfábẹ̀lá rẹ dé ibi tírígà láìnà. Bí kò bá dé, ìbọn náà gùn jù fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé ojú kan ló ń darí èkejì? Fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré níwájú rẹ, fi ojú méjèèjì wo nǹkan kan tó jìnnà láti inú ihò náà, kí o wá di ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ṣì ń rí nǹkan náà ni ojú tó ń darí. Bó bá jẹ́ ojú òsì, èjìká òsì ló yẹ kí ìbọn wà, bí o tilẹ̀ ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé. Béèrè ìbọn tí ìdí rẹ̀ bá ọlọ́wọ́ òsì àti ọlọ́wọ́ ọ̀tún mu.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ìbọn onísípíríǹgì tó lórúkọ jù nínú ìdíje, irú bíi Weihrauch HW97 àti Air Arms TX200, wúwo tó kìlógíráàmù 4 kí a tó gbé awò lé wọn? Ìwúwo yẹn ń mú ìbọn dúró jẹ́ẹ́ lójú àmì. Ọdẹ tó ń jókòó sí ibì kan de ẹran lè fara dà á. Ẹni tó ń rìn ká oko fún ìdajì ọjọ́ yóò gbádùn PCP tó fúyẹ́ bíi Air Arms S400 jù, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlógíráàmù 3 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awò ìbọn ẹlẹ́tù ni wọ́n ti tò fún ohun tó jìnnà tó mítà 90? Fi irú rẹ̀ wo ehoro ní mítà 20, bí ojú rẹ bá sún díẹ̀, ojú àmì náà á dà bí ẹni pé ó kúrò níbi tó wà. Èyí tí o lè yí títí dé mítà 10 ni kó o rà. Owó tó o fi kún awò kò ṣòfò.

Ọta: ohun kékeré tó ń ba ńlá jẹ́

Ṣé o mọ̀ bí ọta ìbọn afẹ́fẹ́ ṣe rí? Tú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ kí o wò ó. Orí rẹ̀ rí rìbìtì, ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ihò sì wà nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í lẹ́yìn, etí ìdí rẹ̀ á fẹ̀, á gbá ilà tó yípo nínú ọ̀pá ìbọn mú, ilà náà á sì máa yí i bó ṣe ń lọ. Ìdí fúlẹ́fúlẹ́ yẹn ló ń mú kí orí rẹ̀ máa wo iwájú, iṣẹ́ tí ìyẹ́ ń ṣe nídìí ọfà. Bí o bá rí èyí tí etí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀, yọ ọ́ sọ́tọ̀, kò ní í lọ tààrà.

Ṣé o mọ̀ pé orí pẹlẹbẹ ni ọta tí wọ́n ń ta ní mítà 10? Ó ń gé bébà ní ihò mímọ́ tí adájọ́ lè kà. Tó bá ti kọjá mítà 20, afẹ́fẹ́ á dá a dúró púpọ̀. Fún ọdẹ àti fún pápá, ọta olórí rìbìtì ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìbọn kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tó fẹ́ràn? Ìbọn méjì tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà lè ṣe yàtọ̀. Ra agolo ọta mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fi pẹ́ńsù ya òbìrí tó fẹ̀ tó mìlímítà 25 sórí bébà, ìkọ̀ọ̀kan fún agolo kọ̀ọ̀kan, gbé bébà náà sí mítà 25, gbé ìbọn lé àpò yanrìn, kí o ta ọta márùn-ún sí òbìrí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gbogbo márààrún bá wọ inú òbìrí rẹ̀ ni ọta ìbọn rẹ. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹ̀dínwó ọjà yí ọ lọ́kàn padà.

Ṣé o mọ̀ pé òjé ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọta wọ̀nyí? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ pé kò léwu. Ohun tí òjé lè ṣe, Nàìjíríà ti rí i ní Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí eruku òjé láti ibi ìwakùsà góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn ìdánrayá, má ṣe fi ọta sẹ́nu, kí o sì gé gbogbo ibi tí ọta gbà kúrò lára ẹran kí o tó sè é. Ọta tí kò ní òjé náà wà lọ́jà.

Ibi tí ọdẹ àti ìdíje ti pàdé

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọdẹ ló dá ìdíje ìbọn afẹ́fẹ́ orí pápá sílẹ̀? Magham Down ní Sussex ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Àmì irin tí wọ́n gé ní àwòrán ehoro, eku tàbí ẹyẹ ni wọ́n ń ta, ihò kékeré wà lára rẹ̀; bí ọta bá gba inú ihò náà kọjá, àmì á ṣubú. Bó bá lu ara irin, kò ní í mira.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yà kan wà nínú ìdíje yìí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọdẹ? Hunter Field Target ni orúkọ rẹ̀. Mítà 7 sí 41 ni àmì máa ń wà, ihò míràn kò fẹ̀ ju mìlímítà 15 lọ. Wọn kò gbà kí o yí awò padà láàárín ìdíje, wọn kò sì gbà kí o fi irinṣẹ́ wọn bí àmì ṣe jìnnà tó. Ojú rẹ ni kó o fi mọ̀ ọ́n, bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n nínú oko. Bí àmì bá ṣubú, máàkì méjì. Bí ọta bá lu irin lásán, máàkì kan. Bó bá tàsé pátápátá, òdo.

Ṣé o wá mọ ìdí tí mo fi sọ pé ìdáhùn wà? Ìbọn tí àwọn olùdíje Hunter Field Target ń lò gan-an ni ìbọn tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: agbára rẹ̀ wà láàárín òfin, ó ní awò, ó ṣeé gbé rìn, ó sì ń fi ọta síbi kan náà nígbà gbogbo. Lọ síbi ìdíje wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan kí o tó rà. Wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o dán an wò.

Gbèsè tí a jẹ ẹran

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí ọta gbọ́dọ̀ bà lára ehoro kò ju owó ẹyọ kan lọ? Orí ni, ní ibi tí ọpọlọ wà. Òfin tí àwọn ọdẹ tó mọṣẹ́ fi lé ara wọn lọ́wọ́ nìyí: ibi tó jìnnà jù tí o ti lè fi gbogbo ọta rẹ sínú òbìrí mìlímítà 25 yẹn, bí o ṣe máa wà nínú oko, láìsí àpò yanrìn, ibẹ̀ ni òpin rẹ. Bó bá jẹ́ mítà 20, súnmọ́ ẹran títí dé mítà 20, bí o kò bá lè súnmọ́ ọn, jẹ́ kí ó máa lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ eléérú tí wọ́n ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ pa ní Ìlú Ọba kì í ṣe ọmọ ibẹ̀? Láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá; wọ́n tú u sílẹ̀ ní Henbury Park ní Cheshire ní 1876, ó sì ti lé ọ̀kẹ́rẹ́ pupa tó jẹ́ onílé kúrò ní ọ̀pọ̀ igbó. Wọn kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pa ti pupa. Gbogbo ẹyẹ igbó náà ni òfin ọdún 1981 dáàbò bò, àyàfi àwọn tí òfin tàbí àṣẹ ìjọba bá yọ̀ǹda.

Ṣé o mọ̀ pé joule 16 kò tó fún ọ̀yà, ẹtu tàbí ìgalà? Kì í pa wọ́n, ó ń dá wọn lóró ni. Ní Amẹ́ríkà, ìbọn afẹ́fẹ́ ńlá wà tí wọ́n ń fi pa àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ti ìbọn ehoro lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, kì í sì í ṣe irú èyí tí a ń sọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní England, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọta rẹ bá kọjá ààlà ilẹ̀ tí wọ́n gbà ọ́ láyè láti ṣọdẹ lórí rẹ̀? Gba àṣẹ onílẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀, fi ìbọn sínú àpò rẹ̀ bó o bá ń gbé e gba ìgboro, kí o sì tì í mọ́ ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò ti lè débẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn gidi? Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní in láìní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò sì lè gba ìwé náà. Ìwọ tó ń bọ̀ wálé láti London, má ṣe ki ìbọn afẹ́fẹ́ bọ àpótí rẹ pé ohun ìṣeré ọmọdé ni.

Ṣé o mọ̀ pé ní Bahia ní Brazil, nínú àwọn ilé ẹ̀sìn Candomblé tó ti Kétu wá, ọlọ́fà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ki Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ? Ìtàn wọn ni pé ọfà kan péré ló ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó pa ẹyẹ abàmì tó ń da ìlú láàmú, kò sì tàsé. Ọdẹ tó ń dúró de ìgbà tí ọta kan yóò tó ni à ń bọlá fún láti ayébáyé.

Ṣé o mọ̀ pé ọta kékeré yìí lè fọ́ ojú ènìyàn, ó sì ti pa ènìyàn rí? Ó lè fò kọjá mítà 200 bí kò bá rí ohun tó dá a dúró, nítorí náà mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì kí o tó fa tírígà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

Nítorí náà, bó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, má ṣe béèrè èyí tó yára jù. Béèrè èyí tí agbára rẹ̀ bá òfin mu, tí tírígà rẹ̀ rọ̀, tí gígùn rẹ̀ bá apá rẹ mu, kí o sì fi owó tó ṣẹ́ kù ra awò gidi àti ọta. Lo bébà títí tí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ ìbọn náà. Ẹni tí kò tíì lè bá òbìrí pẹ́ńsù kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dojú ìbọn kọ ẹran.